Ẹṣin tó ń mu epo

Ní ìlú Sokodé, alùpùpù kì í ṣe ohun ìyanu. Láti ìdájí títí di òru ni wọ́n ń kọjá lójú títì: ti olùkọ́, ti ìyálọ́jà, ti nọ́ọ̀sì, àti ti àwọn zémidjan tí ń wá èrò kiri. Kò sí ẹni tí ń gbójú sókè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù ńlá àtijọ́ bá gba ọ̀nà àgbà wọ ìlú, tí ó ń bọ̀ láti Lomé tàbí tí ó ń lọ sí Kara, ọ̀rọ̀ a yí padà. Etí ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ohùn rẹ̀ kì í ké tẹẹrẹ bí ti àwọn kékeré. Ó wúwo, ó sì kún, bí ohùn ìyáàlù láàrin àwọn omele. Télọ̀ a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a dá ọ̀rọ̀ dúró. Mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo dúdú a dìde, a sì fi ojú sìn ín títí yóò fi kọjá.

Bí alùpùpù náà bá yà sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ó gba Tchamba kọjá dé Kambolé, níbi tí èdè Yorùbá ti jẹ́ èdè inú ilé, àríwo a tún pọ̀ sí i. Àwọn ọmọdé a sáré tẹ̀ lé e. Bí ó bá dúró, agbo a yí i ká. Ẹnìkan a fẹ́ fọwọ́ kan táǹkì epo rẹ̀; ẹlòmíràn a béèrè iye owó rẹ̀. Nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀, àgbàlagbà kan a béèrè ìbéèrè tí ó wúwo jù lọ: kí ni a fi í ṣe?

Ìbéèrè náà tọ́. Ní agbègbè Tchamba, alùpùpù jẹ́ irinṣẹ́ bí ọkọ́ àti àdá. Ó ń gbé iṣu láti oko wá sílé, ó ń gbé àpò kaṣú lọ sí ọjà, ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Alùpùpù ńlá tí à ń sọ yìí kò lè wọ ọ̀nà oko tóóró. Ó wúwo jù. Epo tí ó ń mu pọ̀. Síbẹ̀ ojú gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé e, títí kan ojú àgbàlagbà tí ó béèrè ìbéèrè náà.

Àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pe irú rẹ̀ ní roadster. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà. Kí a tó ṣe ọkọ̀ kankan tí ń lo epo, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà: ẹṣin tí ó yẹ fún ìrìn àjò ni wọ́n ń fi pè. Lónìí, alùpùpù ojú títì tí a kò fi nǹkan bò lára ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Kò ní ìbòrí níwájú tí yóò gba afẹ́fẹ́, kò sì ní pákó rọ́bà tí ó bo ẹ́ńjìnnì. Iná rẹ̀ yípo bí ojú òwìwí. Táǹkì epo rẹ̀ dà bí omijé ńlá tí a dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó gùn ún kì í dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ń sáré ìje. Ó jókòó nàró, ojú rẹ̀ hàn, ó sì lè kí ènìyàn bí ó ti ń kọjá. Ẹ́ńjìnnì wà ní gbangba, pẹ̀lú àwọn ìlà irin pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láti tù ú. Ènìyàn lè wo ibi tí epo ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde.

A ń pè é ní ńlá nítorí nọ́ḿbà kan, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí nọ́ḿbà náà, nítorí pé ẹni tí ó bá lè kà á kò ní jẹ́ ẹran ìjẹ fún oníjìbìtì.

Ẹ ronú nípa odó àti ọmọ odó. Nínú ẹ́ńjìnnì, ihò irin róbótó kan wà tí à ń pè ní silíńdà. Òun ni odó. Irin mìíràn ń lọ sókè, ó sì ń bọ̀ nísàlẹ̀ nínú rẹ̀; òun ni písítọ̀nù, òun ni ọmọ odó. Epo díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ a wọ inú odó náà. Púlọ́ọ̀gì a ta iná sí i. Epo a jó lójijì, a sì ti ọmọ odó náà lọ pẹ̀lú agbára. Ìtìlọ yìí ni ó ń yí ẹsẹ̀ alùpùpù. Nọ́ḿbà tí a máa ń kọ sára alùpùpù, bíi 125 tàbí 750, ni ó ń sọ bí àyè tí ọmọ odó náà ń lọ tí ó ń bọ̀ ti tóbi tó. Wọ́n a kọ cc tàbí cm³ tẹ̀ lé e. 1000 cc jẹ́ lítà kan gééré. Ẹ wo ìgò lítà kan tí àwọn obìnrin fi ń ta epo létí ọ̀nà. Alùpùpù 125 kó ìdá mẹ́jọ ìgò náà, ìyẹn kò ju ife tíì kékeré kan lọ. Alùpùpù 750 kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ife àti ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó mọ ìdí tí ohùn wọn kò fi lè bára mu.

Nígbà tí a bá wá béèrè bí agbára rẹ̀ ti tó, ẹṣin ni a óò tún fi dáhùn. Àwọn Faransé ń ka agbára ẹ́ńjìnnì ní chevaux, èyí tí í ṣe ẹṣin. Èdè Yorùbá pàápàá kò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ń gun ẹṣin, a sì ń gun alùpùpù. Ìjánu ni a fi ń dá ẹṣin dúró. Ìjánu náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Orúkọ alùpùpù fúnra rẹ̀ wá láti inú ohùn rẹ̀, pù-pù-pù, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí à ń ṣe lórí rẹ̀ ni a ti kọ́ lórí ẹṣin.

Ní ilẹ̀ Sokodé, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn Tem, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Kotokoli, ni wọ́n ni ìjọba Tchaoudjo. Ẹṣin ni agbára ìjọba náà. Àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Semassi, a sì ń bẹ̀rù wọn kiri agbègbè. Ní ìparí àwọn ọdún 1800, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń wọ àárín ilẹ̀ Tógò, ọba Tchaoudjo, Uro Djobo Boukari, bá wọn ṣe àdéhùn, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n fẹ́ ẹ ní ọ̀rẹ́. Títí di òní, ní ọjọ́ ọdún Gadao-Adossa ní Sokodé, ẹṣin tí a fi aṣọ aláwọ̀ mèremère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ṣì ń jáde. Ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, Ọ̀yọ́ àtijọ́ náà fi ẹṣin kọ́ ìjọba ńlá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń ra ẹṣin láti àríwá pẹ̀lú owó gọbọi, bí wọ́n bá sì kó wọn wọ igbó kìjikìji, àìsàn kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹṣin wọ̀nyí kì í kọ ebè. Wọn kì í gbé iṣu wálé. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ púpọ̀, wọ́n ń fẹ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́, ẹni tí kò ní ìránṣẹ́ kò lè ní wọn. Síbẹ̀ kò sí ìjòyè tí ó rí ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí i. Ìdáhùn sí ìbéèrè àgbàlagbà Kambolé wà níbẹ̀. Ohun tí a fi ẹṣin ṣe nígbà náà ni a ń fẹ́ fi alùpùpù ńlá ṣe lónìí: láti ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, láti ní agbára tí ó ju ti ẹni lọ lábẹ́ ẹni, kí ó sì máa gbọ́ràn sí ọwọ́ ẹni.

Ìtàn alùpùpù fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, àwọn ará Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Tógò ní tiwọn. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ tí ń lo epo ní Jámánì. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. 264 cc ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára rẹ̀ kò ju ìdajì ẹṣin kan lọ, ìyára rẹ̀ tó bí kìlómítà 12 ní wákàtí kan. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ sáré lè bá a dọ́gba. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Reitwagen, túmọ̀ sí kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn bí ẹṣin.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. BMW ti Jámánì ṣe R32 ní 1923, pẹ̀lú silíńdà méjì tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì bí ìgúnpá ẹni tí ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ilé iṣẹ́ Triumph ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Bonneville jáde ní 1959, 650 cc. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ alùpùpù ńlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ojú rẹ̀ ń wò. Ìjókòó wọn dára, ohùn wọn dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń jo epo sílẹ̀, ẹni tí ó ní ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àkísà púpọ̀ nílé.

Nígbà náà ni Honda ti Japan dé. Soichiro Honda dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1948. Ní 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta CB750. Silíńdà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí odó mẹ́rin níwájú ilé olóńjẹ. Sàlẹ́ńsà mẹ́rin ló ní, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Bọ́tìnnì kan ni a fi ń ṣí i. Kò pọn dandan kí a fi ẹsẹ̀ gbá a. Ìjánu iwájú rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ róbótó tí ó lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Ẹṣin 67 ni wọ́n ka agbára rẹ̀ sí, ó sì lè sáré tó kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Kò jo epo sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1972, Kawasaki ti fi Z1 tí ó jẹ́ 903 cc dáhùn. Àwọn alùpùpù tí ó jáde ní bí ọdún mẹ́wàá yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn lónìí bí wọ́n bá dárúkọ roadster àtijọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ pàápàá ti padà sí àwòrán náà: Triumph tún gbé Bonneville dìde, Kawasaki ṣe Z900RS, Royal Enfield ti India sì gbé tirẹ̀, 650 cc, jáde ní 2018. Ẹ̀rọ inú wọn jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ojú wọn jẹ́ ojú bàbá wọn.

Ilé Honda kan náà ló bí alùpùpù mìíràn tí ó kan ìgbésí ayé wa ju CB750 lọ. Ní 1976, wọ́n ṣe CG125. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Honda ti rí i pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, a ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ bí ẹrú, a kì í sì í tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tí kò ní wàhálà, tí eruku àti ẹrù kò lè tètè pa. Ní 1979, Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ọ̀tà, nílẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Ṣáínà wo CG125, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí ń gbé èrò ní Sokodé àti Tchamba lónìí, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ CG125 ni wọ́n. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, ẹ̀bùn tí ó tóbi jù tí Honda fún ilẹ̀ wa ni 125 yìí. Ẹwà ni a fi ń rántí 750. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi tí ọmọdé ń gùn kiri inú àgbàlá, ẹṣin ni ó ń pè é.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ta kaṣú rẹ̀ tán, tí ó sì ń lá àlá alùpùpù ńlá, yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ mú bírò àti ìwé. Láti Sokodé dé Lomé tó bí kìlómítà 340. Alùpùpù 125 máa ń mu bíi lítà 2 àbọ̀ ní kìlómítà 100. Yóò mu lítà 8 àbọ̀ dé Lomé. Alùpùpù 750 àtijọ́ lè mu lítà 6 ní kìlómítà 100. Yóò mu ju lítà 20 lọ. Èyí jẹ́ epo nìkan. Kabúrétọ̀ mẹ́rin ni irú CB750 ní, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ máa mí pọ̀ bí ẹni mẹ́rin tí ń gún iyán nínú odó kan. Bí ìdọ̀tí inú epo ìgò bá dí ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Táyà rẹ̀, ṣéènì rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń rí lórí àtẹ ní gbogbo ọjà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Kambolé lè dúró fún oṣù mélòó kan kí ohun èlò tó ti òkè òkun dé. Ara rẹ̀ tún lé ní 200 kìlógíráàmù. Bí ó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò, ẹnìkan kò lè gbé e dìde láìsí ọgbọ́n.

Ohun mìíràn wà tí ó le jù. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ń fẹ́ ohun ńlá, àwọn oníṣòwò kan mọ bí a ti í fi ohun kékeré ṣe ńlá. Wọ́n a fi rọ́bà wú táǹkì kan, wọ́n a lẹ ìwé dídán tí a kọ 250 sí mọ́ ọn lára, wọ́n a sì fi sàlẹ́ńsà tí ń pariwo sí i. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lè má ju 150 lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé a san owó 250. Ìwé tí a lẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohunkóhun. Irin ni kí a kà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, nísàlẹ̀ silíńdà, ilé iṣẹ́ ti dá nọ́ḿbà náà pọ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn èyí, kí a béèrè ìwé ọkọ̀ tí à ń pè ní carte grise, kí a wá ọ̀rọ̀ Faransé kan nínú rẹ̀: cylindrée. Nọ́ḿbà tí ó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà ni ìtóbi ẹ́ńjìnnì. Nọ́ḿbà gígùn mìíràn wà lára irin ọrùn alùpùpù, lábẹ́ ibi tí a ń fọwọ́ dì mú. Kí a kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, kí a fi wé ti inú ìwé. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yàtọ̀, kí a má sanwó. Alùpùpù àtijọ́ tí ó ti òkè òkun wá lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀ ni yóò sì dáhùn níwájú ọlọ́pàá.

Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Òfin Tógò pa á láṣẹ kí ẹni tí ó gun alùpùpù dé àṣíborí, yálà alùpùpù náà jẹ́ kékeré tàbí ńlá. Ṣùgbọ́n ìyára 750 kò fún ènìyàn láyè àṣìṣe. Àwọn tí ó mọ ọ̀nà Sokodé sí Kara mọ Alédjo, níbi tí títì àtijọ́ gba àárín àpáta tí wọ́n là sí méjì. Níbẹ̀, òkè ga, ọ̀nà sì ń yí. Ibẹ̀ kọ́ ni a ti ń dán ìyára alùpùpù wò.

Ìtọ́jú alùpùpù àtijọ́ tún ní ohun kan tí àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn, wọn kì í sì í sábà rí àyè ṣàlàyé rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbàlódé ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí yóò sọ àìsàn rẹ̀. Èyí ń fẹ́ etí. Mẹkáníìkì a tẹ́tí sí i, a fi ọwọ́ kan sàlẹ́ńsà kọ̀ọ̀kan kíákíá láti mọ èyí tí ó tutù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì mọ silíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Ó a yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, a wo àwọ̀ rẹ̀ bí adífá ti ń wo ọ̀pẹ̀lẹ̀: bí ó bá dúdú, epo pọ̀ jù, bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ara rẹ̀ dá. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kọ́ èyí lórí 125 lè fi ìmọ̀ kan náà ṣí 750, kí ó ṣe é nígbà mẹ́rin.

Nítorí náà, bí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá dúró lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi ní Kambolé, tí agbo sì yí i ká, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé jẹ́ kí àwọn yòókù máa wo táǹkì dídán. Kí ó kí ẹni tí ó ni í, kí ó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kí ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi àkísà nu eruku kúrò lára silíńdà. Bí ó bá jẹ́ CB750 tòótọ́ ni, yóò rí nọ́ḿbà mẹ́ta tí ó yọ lára irin, tí kò tilẹ̀ pé 750 tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kí ó fi ìka tẹ̀ lé wọn, kí ó sì kà wọ́n sókè fún àwọn tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀: 7, 3, 6.